Gọ́ńgọ́ Á Sọ

Abẹ́rẹ́ gígùn kan ni Ìbídàpọ̀ mú ti Nòfárà dé,
kò lójú, kò gba òwú,
àti ìgò kékeré kan tó fi ìbọ̀sẹ̀ wé
kí àwọn aṣọ́bodè má baà bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀.
Èébu ló wà nínú rẹ̀.
Ọdún mẹ́sàn-án lókè òkun, èébu ló kó bọ̀ wá sí Iléṣà.

Màmá wò ó títí. "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ gbé mọ́tò dé.
Ìwọ gbé ohun tí mo máa ń họ dànù lára búrẹ́dì."
Ìbídàpọ̀ rẹ́rìn-ín: "Màmá, èébu kì í ṣe èébú.
Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbìn, á di èèbù fún un."
Gọ̀gọ́ńsólà lorúkọ tí wọ́n ń pe wàrà náà lọ́hùn-ún.
Létí Màmá, gọ́ńgọ́ á sọ ni.

Wàrà táwa mọ̀, ewé bòm̀bómù ní í mú un dì,
a ó sè é láàárọ̀, a ó jẹ ẹ́ kí oòrùn tó wọ̀;
ẹni tó fi tirẹ̀ di ọ̀la, ajá ló fi í pamọ́ fún.
Eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Kúm̀bo, ìyàwó Bòròrò tó tẹ̀dó sọ́nà Ìpetu,
ló ti ra wàrà olómi. Ó gbé e kaná, kò jẹ́ kó hó,
ìka ló fi ń wọn ooru rẹ̀.
Oje àpòlúkù ọmọ màlúù ló fi mú un dì,
ó fọ́n èébu sí i, díẹ̀ báyìí, bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.
Ti alẹ́ ló kọ́kọ́ dà sínú agbọ̀n,
ó da ti òwúrọ̀ lé e lórí,
ọ̀kan tutù, ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́,
wọn ò lẹ̀ mọ́ra tán. Ohun tó ń fẹ́ nìyẹn:
àárín àwọn méjì tí kò gbọ́ra wọn yé
ni èébu ti ń ríbi jókòó.

Iyọ̀ lára fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ó mú abẹ́rẹ́.
Ó gún un lókè, ó gún un nídìí, ihò bí ihò ikán.
"Ó gbọ́dọ̀ mí," ló wí.

Fíríìjì wa ti di àpótí aṣọ láti ìgbà tí iná ti ń ṣe bó ṣe ń ṣe.
Kòtò wúrà bàbá bàbá wa ló gbé wọn lọ,
lẹ́yìn Ìtàgunmódì, kòtò tí wọ́n wà títí
tí wọn ò rí ju èyí tí wọ́n fi bo eyín kan.
Òtútù ń gbé ibẹ̀, omi ń sun lára àpáta.
Wàrà mẹ́rin lórí pákó. Ó ń yí wọn padà
bí ẹni ń yí ọmọ ọwọ́ padà lójú oorun.

Bàbá bàbá wa kan náà ló ta aṣọ àwìn dé Ìlọrin,
tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tó ní òun ò ní dìde.
Ìbídàpọ̀ lóṣòó sẹ́nu kòtò fún ọgọ́rin ọjọ́.

Èkíní jẹrà. Eku gbọ́ ti èkejì.
Ìdin ló kọ́kọ́ mọ adùn ẹ̀kẹta.
Ẹ̀kẹrin ló gé lórí tábìlì,
ó funfun, iṣan aró sì là á kọjá
bí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ Màmá.

Ará ilé kejì béèrè bóyá irú la ń sè.
Màmá fi ṣíún sẹ́nu. Ó dákẹ́. Ó mumi.
Ó mú òmíràn, ó fi lé dùndú.
"Ó ń tani bí ọ̀rọ̀ ìyáálé," ló wí, "ó tún wá ń rùn."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyókù ò sí lórí tábìlì mọ́.
Mo wá a títí.
Ìsàlẹ̀ ìkòkò irú ni Màmá fi í pamọ́ sí, ó fi ewé eéran wé e,
níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní gbóòórùn rẹ̀.